Ìdá 18 ni àbí ìdajì? Ìwé àdéhùn tó gbé olórin Four Tet àti iléeṣẹ́ Domino dé kóòtù, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń fi ayọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò ní ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà, kò sí ìjà, kò sì sí owó nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ torí rẹ̀ bínú. Ìgbà tí ọjà bá ti ń tà, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á sì ti yí padà, ni oníkálukú máa ń lọ wá ẹ̀dà ìwé tiẹ̀ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn láàárín ọ̀gbẹ́ni Kieran Hebden, ọmọ ìlú London tó ń ṣe orin ijó ìgbàlódé, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Four Tet, àti Domino, iléeṣẹ́ tó bá a gbé àwọn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga nílùú London, oṣù kẹfà ọdún 2022 ló sì tó yanjú. Lóòótọ́, orin ni wọ́n torí ẹ̀ fa ara wọn lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ kan aránṣọ, ó kan aláró, ó kan ẹni tó ń tẹ̀wé, ó kan gbogbo ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kó bá òun tà á.

Ta ni Four Tet, kí ló sì ń tà?

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Putney, ní London, ni Hebden wà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Fridge. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin tiẹ̀ ṣe, ó sì fún ara rẹ̀ lórúkọ Four Tet. Kì í kó òṣèré rẹpẹtẹ jọ. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe é. Yóò gé ègé kékeré láti inú àwo àtijọ́ kan, bóyá ohùn gìtá, bóyá agogo, bóyá ohùn èèyàn. Yóò yí i padà, yóò tò ó pọ̀ mọ́ òmíràn, yóò sì wá fi ìlù tó ń mú ẹsẹ̀ ẹni jó sí i lábẹ́.

Àdàpọ̀ yìí gan-an ni ọjà rẹ̀. Nínú àwo Rounds tó jáde lọ́dún 2003, èèyàn yóò gbọ́ ohùn gìtá bíi ti orin ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó, yóò gbọ́ ìlù híp-họ́ọ̀pù, yóò sì tún gbọ́ jáàsì. Àwọn oníwèé ìròyìn wá orúkọ kan fún irú orin bẹ́ẹ̀, pé àdàpọ̀ orin ìbílẹ̀ àti orin kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n Hebden kò jẹ́ kí orúkọ náà so òun mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2006, òun àti Steve Reid, àgbà onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, jọ gbé àwo jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn méjèèjì tiẹ̀ jọ dé Dakar, ní orílẹ̀-èdè Senegal, níbi tí wọ́n ti bá àwọn olórin ibẹ̀ ṣe àwo kan tó jáde lọ́dún 2007. Lọ́dún 2015, ó gbé Morning/Evening jáde, ó sì fi ohùn Lata Mangeshkar, gbajúgbajà akọrin ilẹ̀ Íńdíà, sínú rẹ̀. Íńdíà ni ìran ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ó mọ ibi tó ti mú un.

Ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ́dún 2001

Ọdún 2001 ni Hebden tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Domino. Ẹ má gbàgbé pé Domino náà kì í ṣe òmìrán. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní London, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ aládàáni tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé orin ńláńlá. Òun ló gbé Pause jáde fún Hebden lọ́dún 2001 kan náà, lẹ́yìn èyí ni Rounds, kí Everything Ecstatic tó tẹ̀lé e lọ́dún 2005. Iléeṣẹ́ náà ná owó, ó polówó, ó sì kó àwo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́ kankan.

Oríṣi owó méjì ni ìwé náà ṣètò fún olórin, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Èkíní ni owó tí wọ́n bá rí lórí àwo tí wọ́n tà. Nínú iye tí iléeṣẹ́ ń tà á fún àwọn ọlọ́jà, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò jẹ́ ti Hebden.

Èkejì ni owó tí wọ́n bá rí nígbà tí iléeṣẹ́ kò ta àwo fúnra rẹ̀, àmọ́ tó fún ẹlòmíràn láṣẹ láti lo orin náà. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ìdajì ni ti olórin, ìyẹn ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ fi pọ̀ tó báyìí? Ìdí ẹ̀ kò ṣòro. Tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ ta síídì tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó gbọ́dọ̀ sanwó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kó sanwó páálí rẹ̀, kó gbà ọkọ̀ fún un, kó wá ibi tí yóò kó o pamọ́ sí, kó sì gba èyí tí kò tà padà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹni tó bá gbé ẹrù tó wúwo bẹ́ẹ̀ lè ní kí apá tó pọ̀ jẹ́ ti òun. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ló kàn buwọ́ lùwé fún ẹlòmíràn pé kó máa lo orin náà, kò tẹ nǹkan kan, kò kó nǹkan kan sínú ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in sí méjì ọgbọọgba.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rọ̀ yí padà

Lọ́dún 2001, ta ló mọ̀ pé àwo yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀? Ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ Apple ṣí ilé ìtajà orin rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi téèyàn ti lè sanwó kó sì gba orin sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọdún 2008 ni Spotify bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi téèyàn kò ti ní ra orin rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ni yóò máa gbọ́ ọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ náà yóò sì máa sanwó fún àwọn tó ni orin.

Ìbéèrè tó wá délẹ̀ nìyí: tí ẹnì kan bá gbọ́ orin Four Tet lórí fóònù rẹ̀, ṣé Domino ta ọjà ni, àbí ó yá ẹlòmíràn lọ́jà? Tó bá jẹ́ títà, ìdá 18 ni. Tó bá jẹ́ yíyá, ìdajì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yé ara wa. Ká ní 10,000 pọ́nùn wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá fi ìdá 18 ṣírò rẹ̀, 1,800 pọ́nùn ni olórin yóò gbà. Tí a bá fi ìdajì ṣírò rẹ̀, 5,000 pọ́nùn ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ló gbé 3,200 pọ́nùn láti àpò ẹnì kan sínú àpò ẹnì kejì, lórí ọjà kan náà, lọ́wọ́ oníbàárà kan náà. Ẹ wá fi ọdún mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Kì í ṣe Hebden ló kọ́kọ́ béèrè irú ìbéèrè yìí. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ F.B.T. Productions, àwọn tó kọ́kọ́ bá olórin Eminem ṣiṣẹ́, pe iléeṣẹ́ Aftermath lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá wọn lẹ́bi, àmọ́ lọ́dún 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé bí ìwé àdéhùn wọn ṣe rí, orin tí wọ́n gbé fún ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ àṣẹ ìlò, ìdajì ló sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ ìwé tiwọn ni ilé-ẹjọ́ yẹn wò. Ìwé oníwèé, ẹjọ́ oníwèé.

Bí wọ́n ṣe dé kóòtù

Hebden gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ sí ẹ̀ka Ilé-ẹjọ́ Gíga tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun tó sọ ni pé ìdá 18 tí Domino ń san fún òun lórí owó íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ìwé mu, ìdajì ló tọ́ sí òun. Owó tó ń béèrè kò ju 70,000 pọ́nùn lọ. Domino ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìdajì tó wà nínú ìwé kò kan owó gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Domino yọ Pause, Rounds àti Everything Ecstatic kúrò lórí Spotify àti àwọn ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbọ́ orin. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ wọn níbẹ̀ kò rí wọn mọ́. Hebden fi ìbànújẹ́ rẹ̀ hàn ní gbangba, àmọ́ kò lè fúnra rẹ̀ dá wọn padà, torí pé ọwọ́ Domino ni àṣẹ wà.

Ẹ dúró níbí yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìdá 18 àti ìdá 50, ṣùgbọ́n ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kò lágbára láti sọ bóyá kí iṣẹ́ náà wà lọ́jà tàbí kó má wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìwé tó tọwọ́ bọ̀, Domino ni yóò máa di àwọn àwo náà mú fún gbogbo ìgbà tí ẹ̀tọ́ lórí wọn bá fi wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí àwo bá jáde ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ tó ń parí. Àwo Rounds tó jáde lọ́dún 2003 kò ní bọ́ títí di òpin ọdún 2073.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí

Adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ náà tí àwọn méjèèjì fi yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Hebden ló fi í tó aráyé létí lóṣù kẹfà ọdún 2022. Domino gbà pé lórí owó gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti gbígbà á sórí kọ̀ǹpútà, ìdajì ni yóò máa jẹ́ ti olórin. Wọ́n tún dá 56,921 pọ́nùn àti pẹ́ńsì 8 padà fún un lórí owó tó ti kọjá, pẹ̀lú èlé ìdá 5. Àwọn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun méjì ni ó yẹ ká fi sọ́kàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n yanjú ẹ̀ láìdúró de ìdájọ́, kò sí òfin tuntun tí kóòtù gbé kalẹ̀ tí olórin mìíràn lè na ìka sí. Èkejì, Hebden gba owó, ṣùgbọ́n kò gba àwo. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Domino kò fún òun láǹfààní láti gba àwọn iṣẹ́ náà padà. Ó borí lórí owó, àmọ́ ìwé ọdún 2001 ṣì di àwọn iṣẹ́ náà mú.

Iléeṣẹ́ tara rẹ̀

Ibi tí ọgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí wà ni pé kò kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ọdún 2001 kan náà tó tọwọ́ bọ̀wé Domino ló dá iléeṣẹ́ kékeré tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Text Records. Níbẹ̀rẹ̀, orin àwọn ẹlòmíràn àti àwọn iṣẹ́ kéékèèké ló ń fi gbé jáde. Lẹ́yìn tí Domino gbé There Is Love in You jáde lọ́dún 2010, Hebden bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àwo ńlá tiẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Text: Pink lọ́dún 2012, Beautiful Rewind lọ́dún 2013, New Energy lọ́dún 2017, Sixteen Oceans lọ́dún 2020, àti Three lọ́dún 2024.

Ṣé owó rẹpẹtẹ ló fi ṣe é? Rárá o. Lọ́dún 2017, ó fi àwòrán irinṣẹ́ tó fi ṣe New Energy han gbogbo ayé: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, dùùrù kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde. Nígbà tí ohun tí iṣẹ́ ń ná ẹni kò bá pọ̀, kò di dandan kéèyàn máa wá ẹni tí yóò yá òun lówó, kò sì di dandan kó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dúró bí ohun ìdógò. Èyí tó wá jẹ́ owó ńlá fún un lónìí, òde tó ń lọ ṣeré ni. Lóṣù kejì ọdún 2023, òun, Skrillex àti Fred again.. jọ ṣeré ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York, tíkẹ́ẹ̀tì sì tán pátápátá.

Ohun tó kàn wá nínú ẹ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, bóyá adìrẹ lẹ ń pa ni o, tàbí bàtà lẹ ń rán, tàbí ẹ ń ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ, ẹ gbé àwọn kókó wọ̀nyí yẹ̀ wò kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé tó bá tún kàn.

Èkíní, ẹ mọ̀ bóyá ẹ ń tà ni, àbí ẹ ń yá èèyàn. Ẹni tó ta ilé kò tún lè lọ gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Tí ẹnì kan bá fẹ́ máa lo àwòrán yín tàbí orúkọ ọjà yín, ẹ bi í pé: ṣé ó fẹ́ ra á pátápátá ni, àbí ó fẹ́ lò ó fún ìgbà kan? Iye tí ẹ óò gbà fún ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ jọ iye tí ẹ óò gbà fún èkejì.

Èkejì, ẹ kọ ọdún sí i. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, ẹ kọ ọ́ kedere, kẹ́ ẹ sì kọ bí ohun yín yóò ṣe padà sọ́wọ́ yín tí ọdún bá pé. Ìwé tí kò ní ọjọ́ ìparí, ọmọ yín lè dàgbà bá a níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè nípa ọ̀nà ìtajà tí kò tíì sí. Lọ́dún 2001, kò sí Spotify. Lónìí náà, a kò mọ ibi tí ọjà yóò gbà lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ọ́ pé tí ọ̀nà tuntun bá dé, ẹ óò tún jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ lórí iye tí oníkálukú yóò máa gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá a pinnu.

Ẹ̀kẹrin, tí ẹni tó ń bá yín tajà bá kó ọjà yín kúrò lórí àtẹ, ẹ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ọjà kò sí níta, àdéhùn ti parí nìyẹn.

Ìkarùn-ún, ẹ máa yẹ ìṣirò wò lọ́dọọdún, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tí wọ́n bá da àdéhùn rẹ̀ láti fi lọ sí kóòtù. Ní ìpínlẹ̀ Èkó náà, ọdún mẹ́fà ni fún irú àdéhùn ojoojúmọ́ tí a ń ṣe. Owó tó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ti di àwátì.

Nílẹ̀ wa níbí, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé téèyàn bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo láṣẹ láti máa lò ó, àfi kó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ìwé náà lè gba èèyàn, ó sì lè so èèyàn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé ìwé wá, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yára tọwọ́ bọ̀ ọ́ torí pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, ẹ ní kí ọkọ̀ náà máa lọ. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ kà á, ẹ fi han lọ́yà tó mọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín síbi tí òjò àti eku kò ti ní dé. Ogún ọdún lẹ́yìn tí Hebden tọwọ́ bọ̀wé, inú ìwé náà ló ti fa ìdajì rẹ̀ yọ. Ká ní ẹ̀dà náà ti sọnù ni, kò sí ohun tí ì bá nà jáde ní kóòtù.